Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Síkì Telemark

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ òwe yìí, mo sì máa ń rò pé ohun tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ tálákà lẹ́kún ni, kí ojú rẹ̀ má bàa wọ ohun ọlọ́rọ̀. Ìtàn ohun èlò kan tí wọ́n fi pákó àti gbòǹgbò igi ṣe ní ilẹ̀ Nọ́wè, ní àríwá Yúróòpù, ló yí èrò mi padà. Síkì ni orúkọ ohun èlò náà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ bí àwọn ará agbègbè Telemark ṣe tún un ṣe tó fi bá ọ̀nà wọn mu, ibi tí ó gbé àwọn ènìyàn dé, àti ohun tí ojú àwọn mìíràn rí nígbà tí ẹrù wọn kò bá ọ̀nà wọn mu. Èrò tèmi ni pé ohun èlò tó fúyẹ́, tí kò sì ní wàhálà nínú, kì í ṣe ohun èlò aláìní. Ohun èlò ẹni tó ti wo ọ̀nà rẹ̀ dáadáa ni.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí síkì jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni kò tíì fojú rí i. Ní ilẹ̀ òtútù bíi Nọ́wè, tí ìgbà òtútù bá dé, òjò kì í rọ̀ bí omi. Dídì ló ń dì kó tó balẹ̀. Òjò dídì yìí máa ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Yóò funfun báláú, yóò sì jìn débi pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀ lè rì dé ìbàdí. Báwo ni àgbẹ̀ yóò ṣe lọ kó igi ìdáná? Báwo ni ọdẹ yóò ṣe lé ẹran? Báwo ni ènìyàn yóò ṣe dé ilé ará àti ojúlùmọ̀? Ìdáhùn tí àwọn baba ńlá wọn rí sí i ni síkì: pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó gùn ju ènìyàn lọ, tí wọ́n tẹ iwájú rẹ̀ sókè bí imú ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n á so ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n á so èkejì mọ́ ẹsẹ̀ òsì. Nítorí pé pákó náà gùn, ìwúwo ara yóò tàn ká orí rẹ̀, ẹsẹ̀ kò ní rì. Nítorí pé abẹ́ rẹ̀ sì dán, yóò máa yọ̀ lọ.

Ohun àtijọ́ ni síkì. Ní Kalvträsk, ní ilẹ̀ Sweden, wọ́n hú síkì kan jáde nínú ilẹ̀ irà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ju ọdún 5,000 lọ. Àwọn ẹ̀yà Sámi, tí wọ́n ń da ẹran ní àríwá àwọn ilẹ̀ wọ̀nyẹn, ti mọ̀ ọ́n lò láti ayébáyé. Orúkọ rẹ̀ pàápàá wá láti inú èdè àtijọ́ àwọn ará Nọ́wè, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju igi tí a là lọ. Nítorí náà, kì í ṣe Telemark ni wọ́n ti dá síkì sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní Telemark ni pé wọ́n wo ohun tí gbogbo ènìyàn ti ń lò, wọ́n rí ibi tó kù sí, wọ́n sì fi ohun kékeré tún un ṣe.

Ní ọdún 1825 ni wọ́n bí Sondre Norheim ní abúlé Morgedal, ní agbègbè Telemark. Tálákà ni. Kò ní ilẹ̀ tirẹ̀. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ti ń dáko, ó sì ń fi iṣẹ́ igi kún un kí ẹnu lè máa jẹ. Àárín àwọn òkè ni Morgedal wà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbì kan ní láti gun òkè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó tún gùn, kó tún sọ̀. Ibi tí ìṣòro síkì ayé ìgbà náà wà gan-an nìyẹn. Ìdè tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ẹsẹ̀ kò ju okùn kan tó gba orí ìka ẹsẹ̀ kọjá lọ. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, èyí dára. Ṣùgbọ́n tí ènìyàn bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, tó fẹ́ yà sí ọ̀tún tàbí òsì, tàbí tó fò láti orí òkìtì kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ kúrò, kí síkì máa lọ tirẹ̀.

Ohun tí Norheim ṣe rọrùn débi pé ọmọdé lè lóye rẹ̀. Ó mú gbòǹgbò igi tó lè tẹ̀, ó lọ́ ọ pọ̀ bí okùn, ó sì fi yí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ bàtà ká, kó lè fa bàtà náà mọ́ síkì láti ẹ̀yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí kò ṣe: kò kan gìgísẹ̀ mọ́ pákó. Iwájú bàtà dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ ṣì lè gbéra sókè bí ìgbà tí ènìyàn ń rìn. Pẹ̀lú ìdè kan ṣoṣo yìí, ènìyàn lè rìn lórí pẹrẹsẹ, ó lè gun òkè, ó sì lè sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé bàtà bọ́. Wọ́n tún gé síkì náà kúrú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí àárín lè tẹ́ẹ́rẹ́ ju orí àti ìdí lọ. Ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ló ń jẹ́ kí síkì lè yí tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá fi ara tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Láti inú èyí ni ìyípo tí gbogbo ayé ń fi orúkọ Telemark pè ti wá. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ yóò ti ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò tẹ orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wálẹ̀, gìgísẹ̀ ẹ̀yìn yóò gbéra, síkì méjèèjì yóò sì ya ọ̀nà bí ọrun. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò rò pé ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà ni. Ní ọdún 1868, Norheim lọ díje ní Christiania, olú-ìlú Nọ́wè, tí a mọ̀ sí Oslo lónìí. Ẹni ọdún 42 ni. Ìtàn sọ pé síkì rẹ̀ ló wọ̀ dé ìlú náà, ìrìn ọjọ́ bíi mélòó kan lórí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, kó tó bá àwọn ọ̀dọ́ díje. Òun ló sì gba ipò kìíní. Àwọn ará ìlú ńlá tó wá wòran rí i pé àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ ti fi gbòǹgbò igi ṣe ohun tí owó wọn kò ṣe.

Láti ìgbà náà ni òkìkí síkì Telemark ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi mẹ́ta tí wọ́n ti dán an wò, nítorí ẹnu lásán kò ṣeé fi mọ ohun èlò tó dára.

Ibi kìíní ni Greenland. Ní ọdún 1888, Fridtjof Nansen, ọ̀dọ́mọkùnrin Nọ́wè kan tó jẹ́ ẹni ọdún 26, pinnu láti fi síkì la erékùṣù ńlá náà já láti ìlà oòrùn dé ìwọ̀ oòrùn. Yìnyín ló bo àárín rẹ̀ pátápátá, ẹnikẹ́ni kò sì tíì là á já rí nínú àwọn tí ìtàn kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Àwọn mẹ́fà péré ni wọ́n lọ, méjì nínú wọn, Samuel Balto àti Ole Nielsen Ravna, sì jẹ́ Sámi. Nansen kò kó ọmọ ogun akẹ́rù lẹ́yìn. Ó ṣe sílẹ́ẹ̀jì, ìyẹn àtẹ ìkẹ́rù tí kò ní táyà tí wọ́n ń fà lórí yìnyín, ó sì jẹ́ kó fúyẹ́: abẹ́ rẹ̀ fẹ̀ bíi ti síkì, okùn ni wọ́n sì fi di oríkèé igi rẹ̀ dípò ìṣó, kó lè máa tẹ̀ láìṣẹ́. Ìlà oòrùn tí ènìyàn kò pọ̀ sí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn tí ènìyàn ń gbé. Nítorí náà, kò sí ibi tí wọ́n lè padà sí. Iwájú nìkan ni oúnjẹ wà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún náà, Nansen wọ ìlú Godthåb ní ìwọ̀ oòrùn. Gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló yè é. Ìwé tó kọ lórí ìrìn àjò náà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tí síkì jẹ́.

Ibi kejì ni Antarctica. Ní ọdún 1911, ẹgbẹ́ méjì ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ dé ìpẹ̀kun ayé ní gúúsù. Roald Amundsen láti Nọ́wè ló ṣáájú ọ̀kan. Robert Scott láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú èkejì. Ọmọ Morgedal kan wà nínú ẹgbẹ́ Amundsen, Olav Bjaaland ni orúkọ rẹ̀. Abúlé kan náà tí Norheim ti wá ni òun náà ti wá, ó mọ síkì wọ̀, ó sì mọ iṣẹ́ káfíńtà. Ní gbogbo ìgbà òtútù tí oòrùn kò yọ, inú yàrá kan tí wọ́n gbẹ́ sínú òjò dídì ni Bjaaland jókòó sí, ó ń fá igi. Ó fá àwọn sílẹ́ẹ̀jì tí wọ́n gbé wá láti ilé títí ìwúwo wọn fi dín kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Gbogbo igi tó fá dànù jẹ́ ẹrù tí ajá kankan kò ní fà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1911, Amundsen, Bjaaland àti àwọn mẹ́ta mìíràn dé ìpẹ̀kun gúúsù, wọ́n sì padà láyọ̀.

Ẹgbẹ́ Scott ní ohun púpọ̀. Wọ́n ní ẹṣin, wọ́n ní ajá, wọ́n sì ní sílẹ́ẹ̀jì mẹ́ta tó ń lo ẹ́ńjìnnì, ohun ìgbàlódé ayé ìgbà náà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ńjìnnì náà ya yìnyín, ó sì rì sínú òkun nígbà tí wọ́n ń já ẹrù. Àwọn méjì tó kù dẹnu kọlẹ̀ kò pẹ́ lẹ́yìn tí ìrìn àjò bẹ̀rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ọrùn ara wọn ni wọ́n fi okùn sílẹ́ẹ̀jì sí. Scott mú olùkọ́ síkì kan, ọmọ Nọ́wè, dání lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dàgbà lórí síkì bí Bjaaland. Ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún tó lọ kángun, Henry Bowers, kò tilẹ̀ ní síkì lẹ́sẹ̀. Ó ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1912 ni wọ́n dé, wọ́n bá àsíá Nọ́wè níbẹ̀. Àwọn márààrún kú lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà mí sí ẹni tó ń fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó pa ẹgbẹ́ Scott kì í ṣe ọ̀kan: òtútù wà níbẹ̀, àìtó oúnjẹ wà níbẹ̀, àárẹ̀ wà níbẹ̀. Bákan náà, wọ́n bá òkúta bíi kílò 16 lórí sílẹ́ẹ̀jì wọn, èyí tí wọ́n kó jọ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ń kú lọ, wọn kò jù ú nù. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Amundsen náà kò mọ́ tónítóní: ó pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ajá rẹ̀ lọ́nà, òun àti àwọn ajá tó kù sì jẹ ẹran wọn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan kò ṣeé fi pa mọ́. Àwọn kan ti ń bi ara wọn láti ilé pé, “Kí ni a lè yọ kúrò?” Àwọn kejì ń bi ara wọn pé, “Kí ni a lè fi kún un?”

Ibi kẹta ni ó dùn mí lọ́kàn jù, nítorí inú Telemark gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1940, àwọn ọmọ ogun Jámánì kógun wọ Nọ́wè. Ní Vemork, lẹ́bàá ìlú Rjukan ní Telemark, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń ṣe ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní omi wúwo. Ó jọ omi tí à ń mu, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ, ó sì wúlò fún àwọn tó ń wá ọ̀nà láti ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì. Ẹ̀rù ba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé tí àwọn ará Jámánì bá rí i tó, ayé bàjẹ́.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942, àwọn ọmọ Nọ́wè mẹ́rin fi páráṣúùtù bọ́ sílẹ̀ sórí Hardangervidda, òkè pẹrẹsẹ tó gbòòrò, tó sì tutù, lókè Vemork. Iṣẹ́ wọn ni láti wo ọ̀nà de àwọn tó ń bọ̀. Ní oṣù Kọkànlá, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn ọmọ ogun oníṣẹ́ ẹ̀rọ nínú ọkọ̀ òfurufú méjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí ọkọ̀ òfurufú ńlá méjì mìíràn ń fà. Ojú ọjọ́ burú. Ọkọ̀ méjèèjì tí wọ́n ń fà já lulẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó ń fà á sì kọlu òkè. Àwọn tí kò kú nínú ìjàǹbá náà, àwọn ará Jámánì pa wọ́n. Ènìyàn 41 ló ṣègbé, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fojú kan ilé iṣẹ́ náà. Mi ò ní sọ pé síkì ì bá gbà wọ́n là. Ojú ọjọ́ kò mọ onísíkì. Ṣùgbọ́n kódà ká ní wọ́n balẹ̀ láyọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọn ì bá fi sá lọ sí Sweden nínú òjò dídì. Èmi kò rí bí wọn ì bá ṣe débẹ̀.

Àwọn mẹ́rin tó wà lórí òkè kò padà. Oúnjẹ tán. Wọ́n ń wa koríko wínníwínní tó ń hù lára òkúta jẹ, títí wọ́n fi rí àgbọ̀nrín ilẹ̀ òtútù pa. Ní oṣù Kejì ọdún 1943, àwọn ọmọ Nọ́wè mẹ́fà mìíràn bọ́ sílẹ̀ láti wá bá wọn. Joachim Rønneberg, ẹni ọdún 23, ni olórí wọn. Wọ́n mọ ilẹ̀, wọ́n mọ òtútù, gbogbo wọn sì ti mọ síkì wọ̀ láti kékeré. Àwọn mẹ́sàn-án ló lọ sí ibi iṣẹ́ náà ní òru ọjọ́ 27 mọ́jú ọjọ́ 28 oṣù náà. Afárá tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́ ni ọ̀nà tó rọrùn. Wọn kò gba ibẹ̀. Wọ́n fi síkì àti àpò wọn pa mọ́ sókè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀gbun jíjìn, wọ́n kọjá odò tó dì, wọ́n sì pọ́n òkè lódìkejì. Rønneberg ti fi owó rà àlùmọ́gàjí ńlá kan tó ń gé irin nílùú Cambridge kó tó kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni wọ́n fi gé ẹ̀wọ̀n ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n so ohun abúgbàù mọ́ àwọn àgbá náà, wọ́n tanná ràn án, wọ́n jáde. Omi wúwo dà nù. Wọn kò yin ìbọn kankan, ẹnikẹ́ni kò sì kú.

Ìgbà yìí ni síkì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gòkè padà, wọ́n wọ síkì wọn, wọ́n sì wọ inú òkè lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun Jámánì tú jáde láti wá wọn. Àwọn márùn-ún, tí Rønneberg ṣáájú, fi síkì rin ọ̀nà tó ju kìlómítà 300 lọ títí wọ́n fi dé Sweden, ibi tí ogun kò sí. Ọ̀kan nínú àwọn tó dúró sẹ́yìn, Claus Helberg, bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́dẹ wọn lórí òkè náà. Ọmọ ogun kan gun síkì lé e títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n Helberg bọ́. Gbogbo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ló yè. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Lẹ́yìn ogun, ìtàn síkì gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ènìyàn kọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gun òkè, owó ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ ti ń gbéni gòkè, kò sídìí tí gìgísẹ̀ fi ní láti gbéra mọ́; wọ́n dè é mọ́lẹ̀, bàtà le bí irin, síkì sì wúwo. Èyí dára fún ẹni tó fẹ́ sáré sọ̀ kalẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Crested Butte, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ìyípo Telemark. Wọ́n fẹ́ lọ sínú òkè tí ẹ̀rọ kò dé. Bàtà awọ ni wọ́n wọ̀, síkì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n lò, ìdè wọn sì ni irú èyí tí Bror With ṣe ní Nọ́wè ní ọdún 1927: irin pẹlẹbẹ kan tó ní ṣóńṣó mẹ́ta, tó wọ inú ihò mẹ́ta lábẹ́ iwájú bàtà, àti irin kékeré kan tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tán. Tó bá bàjẹ́, ènìyàn lè tún un ṣe lójú ọ̀nà. Àmọ́ nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ìwúwo tún padà wọlé. Bàtà oníke dé, wáyà àti sípíríǹgì dé, síkì fẹ̀ sí i. Àwọn tó fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà awọ àti ìdè oníṣóńṣó mẹ́ta kiri.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń padà? Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ọ̀nà oko kọjá lẹ́yìn òjò, tí amọ̀ lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀, yóò mọ ìdáhùn. Ìwọ̀nba ẹrù tó wà lẹ́sẹ̀ máa ń dáni lágara ju ẹrù tó wà lẹ́yìn lọ, nítorí gbogbo ìṣísẹ̀ ni a ń gbé e sókè. Ẹni tó máa rìn láàárọ̀ dọ́jọ́rọ̀ yóò gbé bàtà rẹ̀ sókè ní ìgbà tí kò lóǹkà.

Àmọ́ o, mi ò sọ pé ohun tó fúyẹ́ ló dára ní gbogbo ìgbà. Bàtà awọ kì í di kókósẹ̀ mú bíi bàtà oníke. Lórí òkè tó ga bí ògiri, tí yìnyín le bí òkúta, síkì tẹ́ẹ́rẹ́ lè gbé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò ṣubú. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó fẹ́ yan síkì ní láti kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Irú ọ̀nà wo ni mò ń gbà: pẹrẹsẹ tó jìn ni, àbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè? Tí nǹkan bá ṣẹ́ níbi tí kò sí ènìyàn, ṣé èmi fúnra mi lè tún un ṣe? Ìkẹta ló ṣòro jù: ṣé mo mọ̀ ọ́n lò tó? Nítorí ohun tí a yọ kúrò lára ohun èlò, ìmọ̀ la ó fi dí ààyè rẹ̀. Rønneberg àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbé ẹrù púpọ̀ nítorí pé gbogbo ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti fi kọ́ ohun tí wọ́n nílò. Ọgbọ́n kì í wúwo lẹ́yìn ẹni.

Kí n tó kádìí àròkọ mi, ó yẹ kí n sọ bí Sondre Norheim ṣe parí. Òkìkí rẹ̀ kàn, ṣùgbọ́n òkìkí kò di oúnjẹ. Ní ọdún 1884, òun àti ìyàwó rẹ̀, Rannei, kó àwọn kan nínú ọmọ wọn, wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà bí ọ̀pọ̀ tálákà Nọ́wè ìgbà náà. Nígbẹ̀yìn, North Dakota ni wọ́n tẹ̀dó sí, ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, tí kò sí òkè kan tí ó lè sọ̀. Ó kú níbẹ̀ ní ọdún 1897. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí òkúta kankan lórí ibojì rẹ̀ tó sọ ẹni tó sùn síbẹ̀. Nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù wáyé ní Oslo ní ọdún 1952, inú ààrò ilé tí wọ́n bí i sí ní Morgedal ni wọ́n ti tan iná rẹ̀, àwọn onísíkì sì gbé e lọ sí olú-ìlú, bí òun náà ṣe lọ ní 1868.

Ìdí nìyí tí ìtàn yìí kò fi kúrò lọ́kàn mi. Ọkùnrin tó fi gbòǹgbò igi kọ́ ayé bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kò rí jẹ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ṣe gbé àwọn ènìyàn la yìnyín Greenland já, ó gbé àwọn kan dé ìpẹ̀kun ayé, ó sì gba àwọn mẹ́sàn-án lọ́wọ́ ikú lórí òkè abínibí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, nígbà mìíràn tí a bá fẹ́ ra nǹkan, tí a rí èyí tó tóbi, tó ń dán, tí owó rẹ̀ sì ga, ẹ jẹ́ kí a rántí Bjaaland nínú yàrá rẹ̀ lábẹ́ òjò dídì, tó ń fá igi títí yóò fi ku èyí tí ọ̀nà béèrè. Mo ti wá gbà báyìí pé òwe àwọn àgbà kì í ṣe ẹ̀kún tálákà. Eku tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ló ń kọ́ ìtẹ́ tí òjò kò lè wọ̀.